Ẹyọ Kan Ni Mo Béèrè, Méjì Ni Wọ́n Kó Wá

Ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Bí mo ṣe ń sọ pé "ẹ" yìí, kì í ṣe pé mo gbàgbé pé èmi ni mo bí ọ. Ìyá rẹ ló sọ pé míṣọ́nárì ẹnìkejì rẹ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, pé ibi tí o bá ti ń ka ìwé ló máa wà, kò sì dáa kí n kí ọmọ mi kí n fo ọmọ ọlọ́mọ dá. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ yín. Kí ajá onílé má bù yín jẹ, kí wọ́n má da omi abọ́ sí yín lára lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wà nílé, kí ó ṣí i, kí ó sì rẹ́rìn-ín. Bàtà yín ò ní já lójú títì. Àmín. Àdúrà ti parí, ọ̀rọ̀ ló kù.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí o tó ka èyí tó kù, kí o má baà rò pé ìbínú ni mo fi ń kọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí bírò ti fà gbọ̀ọ̀rọ̀ kọjá sí etí ìwé, oorun ló gbé mi lọ níbẹ̀. Mi ò pa á rẹ́ torí pé bébà tí mo ní kò pọ̀.

Mo mọ ohun tí ò ń retí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti bi mí lórí fóònù. O ní, Bàbá, bí ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ míṣọ́nárì yìí sílẹ̀ kí n máa bọ̀ nílé nítorí Màmá, màá sọ fún àwọn ọ̀gá mi, màá sì wá. Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró parí oṣù mẹ́wàá tó kù. O ní ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ wà. O ṣeun tí o bu ọlá fún mi, ṣùgbọ́n ẹrù tí o gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn wúwo ju pákó tútù lọ, mi ò sì ríbi sọ̀ ọ́ sí láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ ní kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ wálé. Èmi ní kí ló dé tí mi ò fi ní pè ọ́? Ẹnu wa ò tíì kò.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jọ̀wọ́ fojú fo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Fóònù ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì ilé wa ni, ó ní àwòrán rẹ máa jáde nínú rẹ̀. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, mo gbé fóònù sétí bí ọmọlúàbí, mo ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí o tó ní, Bàbá, inú etí yín ni mo ti ń wò láti ìgbà yìí. Ojú tì mí, torí mi ò fọ etí mọ́ ìwẹ̀ tí mo wẹ̀. Ìgbà tí mo wá gbé e síwájú, tí mo rí ọ, tí o ti rù, tí ọrùn rẹ gùn jáde nínú táì yẹn, ṣe ni o kàn dúró sójú kan gbagidi, ẹnu rẹ là sílẹ̀, ojú kan ṣí, ìkejì pàdé. Mo pè ọ́, o ò jẹ́. Mo ní yéè, ọmọ mi ti dákú! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn fẹ́ atẹ́gùn sí ọ, mo sì bu omi tútù díẹ̀ wọ́n ọ lójú, ibẹ̀ ni fóònù ti kú. Ìyá oníbúrẹ́dì kò tíì bínú tán lórí omi yẹn. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló dúró, kì í ṣe ìwọ. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá dákú lójú rẹ̀ kì í dúró wádìí ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ wà bó ṣe wà. Láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi là, ó di ọ̀sẹ̀ méje báyìí, kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Dókítà ní oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tó ń wá lọ́jọ́ Ẹtì ló kọ́ mi bí mo ṣe máa yí i padà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Mò ń yí i. Mò ń gbé póò sábẹ́ rẹ̀, mò ń dà á nù, mò ń fọ aṣọ ibùsùn, mò ń se oúnjẹ, òun náà ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú irú ojú tí èèyàn fi ń mu oògùn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń jẹ oúnjẹ obìnrin yìí, mi ò mọ̀ pé àlùbọ́sà ló ń mú ojú ṣomi. Gbogbo ìgbà tí mo bá a ní kíṣìnnì tí omi ń dà lójú rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀ ló ń dùn ún, màá wá rọra jáde, màá lọ ra nǹkan wá fún un. Mo ti ná owó lórí àlùbọ́sà, ọmọ mi.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé pa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ bẹ́ǹṣì mẹ́jọ kí ọdún tó dé, ìyá oníbúrẹ́dì ń fẹ́ pákó tó máa to búrẹ́dì lé, torí lákòókò ọdún àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì bí ẹni tó gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀. Pákó wọn fara ti ògiri níbẹ̀, àwọn ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo lè dá gé èyí tó kúrú, ṣùgbọ́n o mọ èyí tó gùn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ìdí rẹ̀ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ayùn bá fẹ́ jáde báyìí ni yóò fà ya. Ìwọ lo ti ń bá mi di ìdí pákó mú láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní báyìí kò sẹ́ni.

Inú irú ipò yìí ni ìwé rẹ ti ń bá wa. Ó ń dé o, èmi ni mò ń kà á fún ìyá rẹ. O ní lákòókò ọdún yìí iṣẹ́ ìsìn pọ̀ fún yín. O ní ẹ kun ògiri ilé àwọn arúgbó. O ní ẹ di oúnjẹ sínú páálí fún àwọn tí kò ní, ẹ lọ kọrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ẹ sì fọ ìkòkò fún ìyá àgbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń nu ojú, kò sì sí àlùbọ́sà nítòsí. Mo ní, ta ló fọ ìkòkò? Ọmọ wo? Ṣé èyí tí a bẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko kí ó fọ abọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹun nínú ẹ̀? Ó ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dákẹ́. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ kó tìrẹ ròde, o ò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún wa.

Mo tún ní ìbéèrè méjì, má bínú. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, wọ́n kọ Alàgbà sí báàjì àyà rẹ. Ọmọ ogún ọdún, Alàgbà! Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta, "Káfíńtà, wá síbí" ni wọ́n ń pè mí. Mi ò jowú o, mo kàn ń bi ọ́ bóyá ìwé ló wà tí èèyàn máa ń kún. Ìkejì, o ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ máa ń kọ ìwé sí ààrẹ yín, ààrẹ sì máa ń fèsì. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń dìbò, ààrẹ kankan ò fèsì fún mi rí. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti wọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bá mi fi kún tìrẹ pé afárá ọ̀nà ilé ìwòsàn ti là láàárín. Ìyá rẹ ní ààrẹ àwọn míṣọ́nárì ni, kì í ṣe ti ìlú. Mo ní má dá mi lóhùn mọ́, ààrẹ á mọ ààrẹ.

Ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ yín, olùkọ́ ni, òun ló máa ń wá bá ìyá rẹ gbàdúrà. O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì yín, ìwọ àti ìyá rẹ lẹ jọ wọ̀ ọ́, èmi kàn máa ń gbé àga fún arábìnrin náà ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yẹn, ó mú fọ́ọ̀mù kan wá. Ó ní ẹni tó bá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lásìkò ọdún, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀, wọn á fi àwọn míṣọ́nárì ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá rẹ ti sùn lọ. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo fi ìgò sójú, mo wò ó. Orúkọ. Ilé. Ohun tí ẹ fẹ́. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ. Mo ní háà! Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Ìwé tí wọ́n fi ń béèrè míṣọ́nárì rèé, èmi sì ní míṣọ́nárì kan lọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n fi tèmi ránṣẹ́ sí mi.

O mọ̀ pé èmi kì í béèrè ọjà ní bàìbàì. Bí o bá kọ "pákó" lásán sí àwọn onípákó, èyí tó wọ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára ni wọ́n máa kó fún ọ. O gbọ́dọ̀ kọ gígùn, kọ ìbú, kọ irú igi, kọ ibi tí kókó wà lára rẹ̀. Torí náà mo kọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣì mú. Mo kọ pé: Ọmọkùnrin, ẹyọ kan. Gígùn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó dín íǹṣì méjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wọ̀n ọ́n lára férémù ilẹ̀kùn kí ó tó lọ. Àwọ̀, dúdú tó ń dán. Àpá kékeré kan lókè ojú òsì, irin tí a fi ń gbẹ́ igi ló ṣe é. Kò wọ́, kò là, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Mo fàlà sábẹ́ "ẹyọ kan" lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́, mo kọ: lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Arábìnrin ò wò ó, ó kàn ká a sínú báàgì.

Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Ohun tí mo ń wí nínú ara mi ni pé, tó bá ti dé báyìí, kì í ṣe èmi ni mo pe ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run, fọ́ọ̀mù ló pè é.

Ní ọjọ́ kẹrin, láàárọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo sáré débi pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí i. Ọmọkùnrin méjì ló dúró síbẹ̀, ẹ̀wù funfun, táì, báàjì. Ọ̀kan kúrú, ó ki, ó ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ nǹkan kan. Èkejì ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn wọn. Kò sẹ́nìkan. Mo ní, èyí tí mo béèrè dà? Mo ní, ẹyọ kan ni mo béèrè, ẹ wá jẹ́ méjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú yín! Alàgbà Kúkúrú ní méjì méjì làwọn máa ń rìn. Ó yọ fọ́ọ̀mù mi jáde lápò, ó ti rún díẹ̀, ó ní àwọn kà á nílé lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ní, "Bàbá, a mọ̀ pé àwa kọ́ lẹ béèrè. Ẹ má bínú. Àwa ni wọ́n ní nílẹ̀."

Bí onípákó bá kó ohun tí mi ò béèrè wá, mo máa ń dá a padà pẹ̀lú ọkọ̀ tó gbé e wá. Àwọn wọ̀nyí ò gbé ọkọ̀ wá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, eruku sì ti kun bàtà wọn dé okùn. Mo ní kí wọ́n wọlé. Mo po tíì fún wọn, torí òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tí kì í jóná. Wọ́n ní àwọn kì í mu tíì, pé ìjọ àwọn kò fàyè gbà á. Ẹ gbà mí! Ẹni tí kì í mu tíì láàárọ̀, kí ló fi ń lajú? Wọ́n ní kí n fún àwọn ní omi gbígbóná lásán, wọ́n jókòó ń mu omi gbígbóná bí aláìsàn. Ìyá rẹ ti gbọ́ ohùn wọn láti yàrá. Ó pè mí, ó ní kí ni mo kọ sínú ìwé. Mo jẹ́wọ́. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ kẹ̀yìn sí mi, kò sì lè yí ara rẹ̀, ó wá ní kí n yí òun kọjú sí ògiri. Mo yí i. Ibẹ̀ ló ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi egungun òun dá ọmọ òun padà lọ́nà. Mo ní egungun tìẹ ni, ẹ̀yìn tèmi ló ń gbé e.

Ìbínú wà nínú mi nígbà tí mo jáde sí wọn, jẹ́ kí n má purọ́. Mo ní màá fún wọn níṣẹ́ tó máa lé wọn lọ. Mo nawọ́ sí póò, mo nawọ́ sí òkìtì aṣọ ibùsùn ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó ga yẹn ki táì rẹ̀ bọ àárín bọ́tìnnì ẹ̀wù kí ó má baà wọ omi, ó gbé póò, ó lọ dà á nù, ó fọ̀ ọ́, kò di imú. Èyí tó kúrú jókòó ti ọpọ́n ìfọṣọ, ó ń kọrin Kérésì, ohùn rẹ̀ ò sì dáa rárá. Mo lọ ra ọṣẹ. Ìgbà tí mo máa dé, ìta ni mo bá àwọn méjèèjì, nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dúró gbọnrangandan bí ọmọ tí tíṣà ní kó dúró. Mo ní ehn-ehn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyí o! Wọ́n ní rárá, òfin àwọn ni, àwọn kì í wà nínú ilé tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló kù níbẹ̀. Wọ́n ní ibi tí àwọn ti lè gbọ́ bí Màmá bá pè làwọn dúró sí. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, obìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ là, kí ló fẹ́ fi yín ṣe? Ni mo bá gbọ́ tí ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń bẹ̀ mí pé ìbàdí ń dun òun. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Nígbà tí aṣọ ti wà lórí okùn, wọ́n ní kí ló kù. Mo wo pákó tó fara ti ògiri. Àga kan wà tí mo ti ń kàn nínú orí mi láti ọ̀sẹ̀ kejì tí ìyá rẹ ti ṣubú: àga tó ní ẹ̀yìn gíga, tó ní ihò lábẹ́ tí póò máa wọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn síwájú sẹ́yìn kí èèyàn lè fi gbé e, kí ó má baà jẹ́ pé orí ibùsùn ni gbogbo ayé rẹ̀. Mo ní kí èyí tó ga wá di ìdí pákó mú. Kò mọ̀ ọ́n dì mú, ṣe ló ń fún un bí ẹni tó mú olè. Mo ní rọra, kò ní sá. Èyí tó kúrú fi òòlù gba àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó fò sókè, ó ní "Ọ̀ọ́!", ìyẹn náà ló sọ mọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, àdúgbò á ti gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́.

Bí a ṣe ń gé pákó lọ, mo bi èyí tó ga léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀, torí mo fẹ́ mọ ẹni tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú. Ó ní bàbá òun ti kú. Mo ní ìyá rẹ ńkọ́? Ó ní ó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan, pé àsìkò ọdún yìí gan-an ni àlejò máa ń kún ibẹ̀, pé ẹsẹ̀ ìyá òun máa ń wú títí bàtà ò ní gbà á, àbúrò mẹ́ta sì wà lẹ́yìn òun. Mo dá ayùn dúró. Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ọdún yìí? Ó ń wo ìdí pákó. Ó ní, "Bàbá, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀." Mo ní ṣé ìwọ náà ò fẹ́ lọ bá a ni? Ó ní lójoojúmọ́ ni. Ó ní ìyá òun ló ní kí òun má wá. Mo ní, gbé e sókè díẹ̀, jàre. Ó gbé e sókè díẹ̀, a sì ń gé e lọ.

Ojú tì mí, ọmọ mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣubú ni mo ti ń ka ara mi sí ẹni tí wọ́n jà lólè, pé wọ́n gbé ọmọ mi lọ, wọ́n fi ń fọ ìkòkò oníkòkò. Ọmọ ọlọ́mọ náà rèé, ó ti fọ póò nílé mi láàárọ̀, ìyá rẹ̀ sì wà níbìkan pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ó ń fọ aṣọ tí àlejò fi sùn. Èmi ṣì pariwo mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà pé òun kọ́ ni mo béèrè.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la kàn án tán. A gbé ìyá rẹ sínú rẹ̀, èmi ní apá, àwọn ní ẹsẹ̀ àga, a rọra gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, igun àga sì ha ògiri, n ò tiẹ̀ bínú. A gbé e kalẹ̀ síwájú ilé. Ó ní oòrùn ń dun òun lójú. Ó wo títì lọ, ó wo títì bọ̀. Ó rí ìyá oníbúrẹ́dì tó ń palẹ̀ mọ́, wọ́n juwọ́ síra wọn. Ó ní wọ́n ti kun géètì ilé télọ̀, ṣé èmi ò rí i ni? Mi ò rí i. Nígbà tó ṣe, ó pe èyí tó ga mọ́ra. Gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ lórí pákó lòun náà ti gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Nígbà tí o bá kọ ìwé sílé, sọ fún ìyá rẹ pé mo jókòó. Sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ méje, mi ò jókòó, ọmọ rẹ̀ wá, mo jókòó." Ọmọ náà sunkún. Èyí tó kúrú yíjú sí títì, ó ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Èmi wọlé lọ, mo ní mo fẹ́ kó ìṣó jọ.

Wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́bọ̀ fún bẹ́ǹṣì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo ti kọ́ èyí tó ga bí wọ́n ṣe ń di pákó mú.

Ìdáhùn mi nìyí. Má wá.

Má jẹ́ kó dà bíi pé ó ti rọrùn fún mi o. Àga kì í yí èèyàn padà lórí ibùsùn, kì í se oúnjẹ, ó sì rẹ̀ mí lónìí bó ṣe rẹ̀ mí lánàá. Bí o bá yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí báyìí, mi ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun, mo kàn máa lọ sùn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ti wá dí àyè rẹ níbí, kò sì sí bí mo ṣe máa gba tiwọn kí n wá fa tèmi kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Dúró. Parí oṣù mẹ́wàá rẹ. Fọ ìkòkò ìyá àgbà yẹn, kí o sì fọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, torí mo mọ̀ ọ́, inú nìkan lo máa ń fọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, torí ìwé tí kò bá béèrè owó, ta ló máa gbà pé bàbá ló kọ ọ́? Mo mọ̀ pé wọn ò sanwó fún yín. Owó tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ mi ló wà. Owó ọkọ̀ rẹ ni. Láti ọjọ́ kẹta tí ìyá rẹ ti ṣubú ni mo ti ń tù ú jọ díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ irinṣẹ́, kí n lè fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ tí mo bá ní kí o máa bọ̀. Mo ti fi orúkọ rẹ pè é, tìrẹ ni. Obìnrin kan wà tó lè máa wá bá wa fọṣọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, owó yẹn á tó san fún un títí ìyá rẹ á fi dìde. Mo bẹ̀ ọ́, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé, Bàbá, ẹ ná an. Bí o ò bá kọ ọ́, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Kọ ọ́ kíákíá, ọmọ mi, torí níwọ̀n ìgbà tí owó yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, ọjọ́ kan á jọ́kan tí á rẹ̀ mí jù, màá sì pè ọ́.

Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ rẹ lókun. Ilé tí o bá wọ̀, wọn á sọ pé ó dáa tí o wá. Ẹni tí o bá bá gbé ẹrù, kò ní gbàgbé rẹ. Ọjọ́ tí o bá parí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá rẹ yóò fi wá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní jẹ́ àga. Ọdún á yabo fún ìwọ àti ẹnìkejì rẹ.

Láti àárọ̀ tí mo ti jókòó ti ìwé yìí, ìyá rẹ ti mọ̀ pé ìdáhùn rẹ ni mò ń kọ, kò sì béèrè èwo ni. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Mò ń lọ ka ìwé yìí fún un báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.